Àpótí Iná Tí Mo Gbé Lọ sí Ilẹ̀ Àgọ́

Bí dókítà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún ẹ pé ikọ́ fée ló ń bá ẹ jà, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní ásímà, ìwọ ni mò ń kọ èyí sí. Jókòó kà á. Mi ò kàwé púpọ̀. Ìwé mẹ́ta ni mo kà ní sẹ́kọ́ńdìrì tí mo fi lọ kọ́ṣẹ́ káfíńtà, nítorí náà mi ò ní fi ọ̀rọ̀ dókítà dà ẹ́ láàmú. Ohun tí ojú mi rí ni màá sọ. Múyìwá lorúkọ mi, Òṣogbo ni mò ń gbé.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ kò jọ ohun tó lè pa èèyàn. Ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi ní Igbóǹnà ni mo wà nígbà náà, níbi tí a ti ń ṣe àga onítìmùtìmù. Ìdájí ni ikọ́ náà máa ń jí mi, tó bá di ọ̀sán, á lọ. Lẹ́yìn náà ni àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Bí mo bá ń fá pákó, èmi fúnra mi á máa gbọ́ ọ, bí ìgbà tí ọmọ ológbò bá ń ké nínú àpò. Ọ̀gá mi á dáwọ́ iṣẹ́ dúró, á yí ọrùn.

“Ta ló ń fọn fèrè níbí?”

“Èmi ni sà. Àyà mi ni.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó ẹ, a ò ní háyà onífèrè.”

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù á rẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín, títí ẹ̀rín náà á fi di ikọ́. Nígbà tó yá, mi ò lè gbé tìmùtìmù gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì oníbàárà láì jókòó lágbedeméjì bí arúgbó.

Ìyá mi ní òtútù ni. Ó fi àdín pa àyà mi, ó fún mi ní orógbó jẹ, ó gún aáyù mọ́ oyin. Àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ Mùsùlùmí gbé hàǹtú, omi tí wọ́n fi fọ ọ̀rọ̀ Kùránì kúrò lára wàláà, wá nínú ike, ó ní kí n máa mu ún kí n tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ láàárọ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní tèmi kì í ṣe ojú lásán, pé kí n ronú sí ẹni tí mo bá jà. Mi ò rántí ẹni tí mo bá jà. Mo mu gbogbo ohun tí wọ́n fún mi, mi ò sì lè bá wọn wí títí di òní, torí ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń mu ún tán ni mo ń padà sínú eruku pákó, lójoojúmọ́.

Ọjọ́ tí ó wá di ọ̀ràn, gọ́ọ̀mù la fi ń lẹ tìmùtìmù, ṣọ́ọ̀bù sì kún fún òórùn rẹ̀. Lójijì, àyà mi dì. Kò dùn mí o. Ó kàn dàbí ẹni pé wọ́n ní kí n máa gba ẹnu sìtírọ́ọ̀ mí ni. Afẹ́fẹ́ tó wọlé kò rọ́nà jáde, èyí tó wà níta kò rọ́nà wọlé. Ọ̀gá mi tó máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ ló gbé mi sáàárín ara rẹ̀ àti ọlọ́kadà, ó ń sọ léraléra pé, “Má sùn o, Múyìwá. Má sùn.”

Ní ilé ìwòsàn, èrò ti kún orí bẹ́ǹṣì. Ìyá mi ti dé, ó ń bẹ obìnrin tó ń já káàdì.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọmọ mi ò lè mí.”

“Màmá, kò sí ẹni tí ara ẹ̀ yá tó wá jókòó síbí.”

Ìyá arúgbó kan tó wà níwájú ló dìde. “Ẹ jẹ́ kó gba ipò mi. Orúnkún lèmi bá wá. Orúnkún mi ò níbi tó fẹ́ sá lọ.” Mi ò mọ orúkọ rẹ̀ dòní. Mo máa ń gbàdúrà fún orúnkún náà.

Dókítà fún mi ní ínhélà méjì. Ọ̀kan, kí n máa fà á sínú láàárọ̀ àti lálẹ́, yálà ara mi le tàbí kò le. Èkejì, ìgbà tí àyà bá fẹ́ dì. Ó ní kò sí oògùn tó máa lé e lọ pátápátá, ṣùgbọ́n èèyàn lè bá a gbé dọjọ́ ogbó bí kò bá fi ṣeré. Nígbà tó rí i pé mò ń padà wá ṣáá, ó ní kí n wá ẹ̀rọ kékeré kan rà, èyí tó ń sọ oògùn olómi di kùrukùru tí èèyàn ń gba inú ìbòmú fà símú. Iná ni ẹ̀rọ náà ń lò, ibẹ̀ sì ni wàhálà wà. Mo ti kó lọ sí Ọ̀fàtẹ̀dó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Òṣogbo nígbà náà, iná ò dúró lọ́dọ̀ wa. Àwọn ará ilé á tan jẹnẹrétọ̀ nítorí mi, èéfín rẹ̀ á sì gba ojú fèrèsé wọlé tọ̀ mí wá. Ohun tí wọ́n fi fẹ́ gbà mí là ló tún ń fún mi lọ́rùn.

Oníbàárà wa kan tó ń ṣiṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n ló yọ mí. Inú igbó ni ó máa ń pàgọ́ sí nídìí iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ní àpótí kékeré kan tó ń pa iná mọ́ra. Kò tóbi ju páálí bàtà lọ. Ó ní ihò tí a ń ki púlọ́ọ̀gì bọ̀, ó ní ọwọ́ tí a fi ń gbé e lórí, ó ní ojú kékeré kan tó ń fi nọ́ńbà hàn, ọgọ́rùn-ún bó bá kún. Èèyàn lè fi iná ìjọba ṣáájì rẹ̀, ó sì lè fi páńẹ́ẹ̀lì oòrùn ṣe é. Méjì ni ọkùnrin náà ní. Mo ṣe àga ìjókòó kan fún un, ó fún mi ní ọ̀kan nínú àpótí náà dípò owó. Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń lò ó.

“Ohunkóhun tó bá ń gbóná tàbí tó ń pariwo, má fi sí i. Á mu iná ẹ tán kí o tó mọ̀. Má sì fún ẹnì kankan ní ihò kan ṣoṣo níbẹ̀ o. Bó o bá fún ẹnì kan, àdúgbò lo fún.”

Mo rẹ́rìn-ín sí i.

Àpótí yẹn tú mi sílẹ̀, mi ò ní parọ́. Èmi tí mi ò lè sùn níbòmíràn yàtọ̀ sí ilé mi tẹ́lẹ̀ wá ń lọ sí Iléṣà, mò ń sùn níbẹ̀, ẹ̀rọ mi àti àpótí mi nínú báàgì. Fúnmi, ọmọbìnrin tí mò ń fẹ́, ni mò ń tọ̀ lọ. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ la ti ń ra aṣọ tí a fi ń bo àga, ibẹ̀ la ti mọra. Ibi tí mo ti ṣì í ni pé ọkàn mi balẹ̀ jù. Ínhélà ojoojúmọ́ yẹn wọ́n. Nígbà tí ó tán, mi ò rà á mọ́. Mo ní kí ni mo fẹ́ fi ṣe, nígbà tí àpótí wà? Bí àyà bá dì, màá ki ẹ̀rọ bọ iná, ó parí. Mo ń fi ohun tí wọ́n fi ń paná rọ́pò ohun tí kò ní jẹ́ kí ilé jó. Bí o bá gbàgbé gbogbo ohun tí mo kọ síbí, má gbàgbé ìyẹn.

Bàbá Fúnmi wà lára àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn káàkiri nígbà tí wọ́n lágbára, àwọn tí a ń pè ní òṣómàáló. Bí onígbèsè bá fẹ́ tàn wọ́n, wọ́n á lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, wọn ò ní jókòó, wọn ò ní dìde, títí á fi san án. Bàbá ṣì máa ń lóṣòó bẹ́ẹ̀ bó bá ń ronú. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. A ti ń múra mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, mo sì mọ̀ pé àwọn àgbà kì í fọmọ fọ́kọ láì wádìí. Wọ́n á béèrè bóyá wárápá wà ní ìdílé, bóyá wèrè wà níbẹ̀, bóyá ikọ́ tí kì í lọ wà níbẹ̀. Mo bẹ Fúnmi pé kó má sọ. Ó kọ́kọ́ kọ̀.

“Bó bá pẹ́ títí, wọ́n á mọ̀.”

“Kí wọ́n mọ̀ lẹ́yìn ìgbéyàwó.”

“Ṣé èmi ni kí n máa purọ́ fún bàbá mi?”

“Má purọ́. Ṣáà má sọ̀rọ̀.”

Ó dákẹ́ nítorí mi. Ìyẹn dùn mí ju àìsàn náà lọ nígbà tí mo rò ó lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn.

Nígbà ọyẹ́, Bàbá ránṣẹ́ pé kí n wá bá àwọn lọ sí ilẹ̀ àgọ́ ìjọ wọn lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, kí mọ̀lẹ́bí lè rí mi dáadáa. Àárín oko ni ilẹ̀ àgọ́ náà wà. Kò síná níbẹ̀, àfi jẹnẹrétọ̀ ìjọ. Orí ẹní la ń sùn ní gbọ̀ngàn, ọkùnrin lápá kan, obìnrin lápá kejì. Bí mo ti sọ báàgì kalẹ̀ ni Bàbá rí àpótí náà.

“Kí nìyí?”

“Àpótí iná ni sà. Fóònù ni mo fi ń ṣáájì.”

Irọ́ kékeré ni. Kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú, fóònù ti tò yí àpótí mi ká bí ọmọ adìẹ yí ìyá wọn ká. Ti ìyá Fúnmi wà níbẹ̀, ti àwọn àǹtí rẹ̀ wà níbẹ̀, ti pásítọ̀ náà wà níbẹ̀. Báwo ni ẹni tó wá fẹ́yàwó ṣe máa sọ fún àwọn àna rẹ̀ pé kí wọ́n yọ fóònù wọn? Àna kì í kọ iṣẹ́. Mò ń dọ̀bálẹ̀, mò ń gba fóònù, mò ń wo nọ́ńbà tó ń já wálẹ̀. Mo tẹ́ páńẹ́ẹ̀lì síta, ṣùgbọ́n ọyẹ́ ti bo oòrùn, ó funfun lókè bí àwo. Iná tó ń wọlé kò tó èyí tó ń jáde. Fúnmi ń wò mí láti apá àwọn obìnrin. Kò rẹ́rìn-ín.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, jẹnẹrétọ̀ ìjọ kọ̀, kò ṣiṣẹ́. Bàbá wá bá mi níbi tí mo ti ń fọ ẹnu, àwọn alàgbà ìjọ tẹ̀ lé e.

“Múyìwá, gbé àpótí ẹ wá. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ò ríná.”

“Bàbá, ó jẹ́ pé...”

“Ó jẹ́ pé kí ni?”

Ọ̀kan nínú àwọn alàgbà rẹ́rìn-ín. “Ẹ má yọ ọmọ yẹn lẹ́nu. Ará Òṣogbo ni, ó lè fẹ́ gba owó iná.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí. Mo gbé e fún wọn. Bí mo ti ń padà bọ̀ ni Fúnmi dúró sọ́nà.

“Lọ sọ fún wọn báyìí.”

“Bí ìsìn bá parí.”

“Múyìwá, àyà ẹ ti ń súfèé. Mo ń gbọ́ ọ níbi tí mo dúró sí.”

“Mo ní bí ìsìn bá parí.”

Àwọn obìnrin ti ń gbá iwájú gbọ̀ngàn. Erùpẹ̀ pupa dìde, ó pọ̀ mọ́ ọyẹ́, kò níbi tó ń lọ. Mo gba ẹ̀yìn gbọ̀ngàn lọ, mo fa ínhélà yọ lápò, mo tẹ̀ ẹ́. Ó fẹ́ lásán. Mo mì í, mo tún tẹ̀ ẹ́. Kò sí nǹkan nínú rẹ̀ mọ́. Láti ìgbà tí mi ò ti ra ti ojoojúmọ́ mọ́, èyí ni mò ń tẹ̀ ní ìtẹ̀kútẹ̀, mi ò sì wò ó kí n tó kúrò nílé. Mo di ògiri mú. Mo fẹ́ pe Fúnmi, ohùn ò jáde. Ariwo ìsìn ti bẹ̀rẹ̀, iná mi ló sì ń gbé ohùn pásítọ̀ jáde lókè orí mi.

Òun fúnra rẹ̀ ló wá mi wá. Ó wo ojú mi, ó sáré gbé báàgì mi wá. Ó fa ẹ̀rọ yọ nínú báàgì, ó fi apá mi kọ́ ọrùn, ó wọ́ mi dé ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn, ó gbé mi jókòó sílẹ̀. Ó wá gba àárín èrò kọjá lọ síwájú, ó bẹ̀rẹ̀, ó fa púlọ́ọ̀gì yọ.

Ohùn pásítọ̀ gé. Gbogbo èèyàn yí ojú sí i.

“Kí ló dé, arábìnrin?”

“Ẹ má bínú sà. Èémí ọkọ mi ni iná yìí.”

Mo rí Bàbá tó dìde. “Ọkọ ta?”

Fúnmi ò dúró. Ó ti gbé àpótí náà wá sọ́dọ̀ mi, ó ki ẹ̀rọ bọ̀ ọ́, ó fi ìbòmú bò mí nímú. Nọ́ńbà tó kù lójú àpótí kò tó mẹ́wàá. Ẹ̀rọ náà dún, kùrukùru bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Mo ń fà á, kò ń lọ síbìkankan. Èrò ti yí mi ká. Àǹtí Fúnmi kan ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ yẹn kúrò, kí wọ́n da òróró lé mi lórí, kí wọ́n gbàdúrà. Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lára ìbòmú náà. Pásítọ̀ ló mú un lọ́wọ́.

“Màmá, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Ẹ gbàdúrà kí ẹ̀rọ náà má kú.”

Wọ́n sì gbà á bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Mò ń gbọ́ wọn. Èmi náà ń wo nọ́ńbà: ó ń já bọ̀, ó ń já bọ̀. Oògùn ò tíì tán nínú ife rẹ̀ tí àpótí fi ké, tí ojú rẹ̀ ṣú, tí ẹ̀rọ dákẹ́. Ṣùgbọ́n ihò kékeré kan ti là nínú àyà mi. Ó ti fẹ̀ díẹ̀ ju ẹnu sìtírọ́ọ̀ lọ. Ohun tó gbé mi dé inú mọ́tò Bàbá nìyẹn.

Bàbá ló wa mọ́tò náà dé Iléṣà. Bí ó bá dé ibi tí ọ̀nà ti bàjẹ́, á ní, “Dì í mú, Fúnmi.” Mo rò ó lọ́kàn pé bí mo bá kú, irọ́ ni mo pa kẹ́yìn fún ọkùnrin yìí. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n gbé mi wọlé láì béèrè káàdì, wọ́n fi afẹ́fẹ́ sí mi nímú, wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́. Nọ́ọ̀sì kan béèrè ìgbà tí mo lo oògùn ojoojúmọ́ mi kẹ́yìn. Mo sọ òótọ́ fún un.

“Ẹ̀rọ lo fi dípò oògùn? Ẹni tó ní panápaná ni kó máa dáná sórí bẹ́ẹ̀dì?”

Nígbà tí mo lajú dáadáa, Bàbá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àga wà níbẹ̀, kò jókòó sí i. Ó lóṣòó.

“Ẹ jókòó sà,” mo ní.

“Máa mí. Mo ti lóṣòó de owó lọ́dọ̀ onígbèsè, kò sí irú ẹni tí mi ò tíì lóṣòó dè. Èémí ni mi ò lóṣòó dè rí.”

Mo fẹ́ dìde dọ̀bálẹ̀, ó fọwọ́ tì mí padà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Ó jẹ́ kí n bẹ̀ ẹ́ tán.

“Ní gbogbo ìgbà tí mò ń tà láwìn,” ó ní, “bí aṣọ bá ní àbùkù, màá tú u síta, màá fi hàn ẹni tó fẹ́ gbé e. Bó bá rí i tó sì gbé e, ó ti gbà. Èyí tí mo bá ká àbùkù rẹ̀ mọ́ inú, olè ni mo jà. Ìwọ ká tìẹ mọ́ inú.”

“Bẹ́ẹ̀ ni sà.”

Ó yíjú sí Fúnmi tó dúró sẹ́nu ọ̀nà. “Ìwọ, ṣé o ti rí àbùkù ara aṣọ yìí tẹ́lẹ̀?”

“Mo rí i, Bàbá.”

“O sì gbé e?”

“Mo gbé e.”

Bàbá mí kanlẹ̀. “Nígbà náà, kò sí ẹjọ́ lọ́dọ̀ tèmi. Ṣùgbọ́n ẹ lọ tú u fún ìyá ẹ fúnra yín. Èmi ò ní bá yín tú u.”

A tú u fún un. Ó sunkún, ó bínú, ó bá Fúnmi yan odì títí a fi kúrò ní Iléṣà. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi oyin ránṣẹ́ sí mi. Mò ń lá oyin náà, mo sì ń lo oògùn mi.

A ti ṣègbéyàwó báyìí. Àìsàn náà ò lọ, mi ò ní tàn ẹ́. Àwọn ìdájí kan ṣì wà tó jẹ́ pé àyà mi ló ń jí mi. Mi ò fá pákó mọ́. Èmi àti Fúnmi ń rán ìbòrí àga, bí mo bá sì gbọ́dọ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi, màá fi aṣọ di imú. Mò ń fa ínhélà láàárọ̀, mò ń fà á lálẹ́. Oṣù mìíràn wà tí à ń jẹ gààrí ṣáá kí ó má bàa tán nílé. Àpótí iná ṣì ń tẹ̀ lé mi bí mo bá rìnrìn àjò. Kí n tó jáde ni mo ń ṣáájì rẹ̀ kún, mi ò sì gbójú lé oòrùn ọyẹ́. Ṣùgbọ́n ibikíbi tí mo bá dé, kí n tó sọ báàgì kalẹ̀, màá sọ fún ẹni tó gbà mí lálejò ohun tó ń ṣe mí àti ohun tí àpótí náà wà fún. Ojú ṣì máa ń tì mí díẹ̀. Ìtìjú kì í dí èémí. Èmi ni mo jẹ́ kó dí tèmi nígbà kan.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, a tún lọ sí ilẹ̀ àgọ́. Bàbá gba àpótí náà lọ́wọ́ mi, ó gbé e sórí àpáta kan lábẹ́ ìbòòji, ó lóṣòó síwájú rẹ̀. Kò pẹ́ tí alàgbà tó fi mí ṣẹ̀fẹ̀ lọ́jọ́ yẹn yọjú tòun ti fóònù.

“Ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, díẹ̀ báyìí ni.”

“Díẹ̀ báyìí ni gbogbo gbèsè máa ń jẹ́ níbẹ̀rẹ̀,” Bàbá ní. “Ẹ máa lọ.”

Ọkùnrin náà lọ. Fóònù Bàbá fúnra rẹ̀ wá ké nínú àpò pé iná ti ń tán lára òun. Ó fà á yọ, ó wò ó, ó wo àpótí náà. Ó tẹ fóònù náà pa, ó dá a padà sápò, ó sì tún lóṣòó sídìí àpótí náà.